Ilé Tí Bátìrì Kì Í Kú

Bí mo bá dé ilé onílé lónìí, tí mo gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ọkọ mi ti mọ̀, kì í bi mí mọ́. Àwọn tí kò mọ̀ á máa wò mí tìyanu-tìyanu. Ẹ jọ̀ọ́, orí mi pé. Àyà ìyá mi ni mò ń gbọ́. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ariwo ò wọ́n nínú ilé wa ní Ọ̀fà rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti máa ha àgbàlá, ṣáà, ṣáà, bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Alhaja, ará ilé kejì wa tí ń ta ẹja inú yìnyín, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá la ẹja tó ti dì gbagidi, gbàù! gbàù! títí ògiri wa á fi máa dáhùn. Reluwé á fọn fèrè tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tí ẹ ò lè gbọ́ àfi bí ẹ bá fi etí lé àyà Mummy: hùùùùù. Kò sinmi, kò dá ẹnu dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbà pé kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ tó tèmi láyé yìí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí Mummy bí Iní, àbúrò mi ọkùnrin, ni agbára ọkàn rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè rìn láti pálọ̀ dé balùwẹ̀ kó má mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé Ìbàdàn, tí àwa ọmọ ń pè ní Daddy Ìbàdàn, ló gbé e lọ sí Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan há ẹ̀gbẹ́ ọkàn rẹ̀ kó máa bá a ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Wáyà kan jáde láti inú ikùn rẹ̀, ó lọ bá àpótí kan tó so mọ́ ìbàdí, bátìrì méjì sì wà nínú báàgì tó ń gbé kọ́ èjìká, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ìyá mi wà. Ọ̀rọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná la fi ń ṣáàjì bátìrì, ẹ̀yin náà sì mọ iná tiwa.

Daddy Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló gbé e wálé. Kò tíì jókòó tó ti ń wo gílóòbù òkè àjà. "Bàbá Títí," ó pe bàbá mi, "iná yín ńkọ́?" Olùkọ́ ni bàbá mi, irọ́ ṣòro fún un láti pa. Ó ní, "Ó ń wá, ó ń lọ, sà." Daddy Ìbàdàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó ń wá, ó ń lọ! Ẹ gbọ́ mi o. Àdúgbò tí mò ń gbé, iná kì í lọ. Torí pé Bọ́lá àbúrò mi ní òun ò gbé ibòmíràn ni mo ṣe gbà. Ọjọ́ tí iná bá dójú tì yín, ẹ̀ẹ̀kan péré, màá wá gbé e lọ sí Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi dúró." Ó yíjú sí báàgì ńlá tí Mummy gbé ti Íńdíà bọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tú u. Bẹ́ẹ̀ ni báàgì náà ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá bí àlejò tí kò jókòó. Àárọ̀ àárọ̀ ni Mummy máa ń bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ nínú rẹ̀, tí á sì tún pa síìpù rẹ̀ dé. Mo kórìíra báàgì yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Kò sí ohun tí Mummy rí sọ lọ́jọ́ náà ju, "Bọ̀dá mi, ọmọ yìí ò tíì mọ̀ mí." Òótọ́ ni. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni Iní dàgbà sí ní gbogbo ìgbà tí Mummy kò sí nílé. Bí wọ́n bá gbé e fún Mummy, á ké bí ẹni tí ata kó sí lójú. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ò lè pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀yìn ìyá jẹ́ fún ọmọ. Ibẹ̀ la ti ń sùn, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ àṣírí àgbà. Ọ̀já ò gbọ́dọ̀ kọjá lórí wáyà ikùn yẹn, ìyẹn ò sì ní àríyànjiyàn nínú. Ó máa ń jókòó sórí àga, á máa wo Iní lẹ́yìn Ìyá Àgbà, ojú á sì máa ro èmi náà. Bí wọ́n bá wá gbé e lọ sí Ìbàdàn, ta ni ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ní ìyá?

Àmọ́ kí ẹ má rò pé ilé ìbànújẹ́ ni tiwa. Rárá o! Ilé náà ń dùn. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí Mummy padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin di ọwọ́ rẹ̀ mú, ló bá fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù. Kò rí i. Ó bọ́ sí ọrùn, kò rí i. Ojú rẹ̀ yí pìrì. "Ìyá Títí, ṣé ara yín le báyìí?" Mummy ní, "Ó le o, tiyín ńkọ́?" Daddy, bàbá mi, ló ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà kì í lù kì-kì bíi tiwa, pé ńṣe ló ń ṣàn lọ láìdúró, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga lọ sókè táǹkì. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ní òun náà fẹ́ gbọ́. Ó tú gèlè, ó fi etí lé àyà ìyàwó rẹ̀, ó dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, "Ìyàwó mi, ọkàn àwa yòókù ń rìn. Tìrẹ ń sáré. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ìwọ lo máa dá àìsàn yìí mọ́lẹ̀." Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́, bí ẹni pé wọ́n ti jà á tán.

Òfin pọ̀. Ọ̀kan-ọ̀kan là ń pààrọ̀ bátìrì; a kì í yọ méjèèjì pọ̀ láéláé. Bí Daddy bá fẹ́ kánjú, Ìyá Àgbà á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Daddy á sì tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀fọ́ náà ní òfin tirẹ̀, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Mummy dì kò fẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lónìí kó kéré lọ́la. Ṣíbí ọbẹ̀ kan náà ni Ìyá Àgbà fi ń bù ú fún un, á tún fi ọwọ́ pá orí rẹ̀ kó lè tẹ́. Bí mo bá rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó dára, tó tutù yọ̀yọ̀, tí mo ní kí wọ́n fi kún un, á fi oríkì mi pè mí, á ní, "Àjíkẹ́, ìfẹ́ tí kò níwọ̀n, ìjà ni." Iṣu láti Òjòkú, ìlú kan nítòsí wa, ni tiwa, èyí tí Daddy máa ń fi ọkadà gbé wálé lọ́jọ́ ọjà. Títí dòní, bí mo bá gún iyán, ṣíbí kan náà ni mo fi ń bu ẹ̀fọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ láyà ẹnikẹ́ni nínú ilé mi.

Ní Sátidé kan, ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Daddy ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, Mummy ń ṣa ẹ̀wà ní yàrá ìdáná, Alhaja ń la ẹja lẹ́yìn ògiri, gbàù! gbàù! Daddy ké sí mi: "Títí! Wo bátìrì orí tábìlì yẹn, ṣé nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀?" Mo tẹ ibi tí iná rẹ̀ kékeré máa ń tàn. Kò tàn. Mo bá fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi dáhùn: "Daddy! Ó ti kú! Ó ti kú pátápátá!" Àdá Alhaja dákẹ́. Kí n tó mí, mo gbọ́ igbe, "Yéè! Mo gbé o! Ìyá Títí! Ìyá Títí ti lọ!" Gìrì gìrì gìrì, Alhaja ti wọlé, ìpẹ́ ẹja lápá, ìborùn ti já bọ́ sọ́nà. Aránṣọ òdìkejì títì tẹ̀ lé e, ó ń sunkún. Ọlọ́kadà kan tó wá ra ẹja tẹ̀ lé aránṣọ, ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀rá, òun náà ń sunkún ẹni tí kò mọ̀ rí. Pálọ̀ kún. Ìgbà yẹn ni Mummy jáde láti yàrá ìdáná pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà rẹ̀, ó wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó ní, "Ta ló kú?"

Ẹ gbà mí! Ọlọ́kadà sọ ẹja sílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde. Alhaja jókòó sílẹ̀ gbì, "Àwúsúbílàhì! Àwúsúbílàhì!" Aránṣọ sá sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Mo na bátìrì sókè, mo ní, "Èyí ni o! Èyí ló kú!" Mummy kọ́kọ́ wò mí, ó wá wo Alhaja nílẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó di ikùn mú níbi tí wáyà wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín á pa mí, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín!" Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti bí Iní. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá mi ti Íńdíà dé.

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde, ó na ìka sókè. "Láti òní lọ, nǹkan kan kì í kú nínú ilé yìí. Bátìrì kì í kú. Bí kò bá ní nǹkan nínú, ebi ló ń pa á. Bí ẹ bá ṣáàjì rẹ̀ tán, ó ti yó. Ẹni tó bá dán an wò kò ní jẹun alẹ́." Mo ní, "Ìyá Àgbà, 'ẹ kú àárọ̀' wá ńkọ́?" Ó dúró, ó ronú. Daddy ló gbà á sílẹ̀: ó ní kú tí a fi ń kí èèyàn kì í ṣe ọmọ ikú, àfi bí a bá fẹ́ máa wo ara wa níran bí ewúrẹ́ láàárọ̀. "Òjòkú ńkọ́?" "Ìlú onílùú ni, fi í sílẹ̀." Ìgbà yẹn ni Alhaja gbọn ìdí ìró rẹ̀ nù, ó ní, "Èmi tí mò ń ta òkú Èkó ńkọ́, Ìyá? Kí ni kí n máa pe ọjà mi?" Orúkọ tí gbogbo wa ń pe ẹja inú yìnyín nìyẹn ṣáá. Ìyá Àgbà ní, "Ó ń sùn ni." Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Alhaja gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní ẹja tó ń sùn, tí àwọn ọmọ àdúgbò á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n á ní, "Alhaja, ìyá mi ní kí ẹ jí méjì fún wa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, tí iná ń wá, tó ń lọ, tí èmi náà á máa kígbe, "Ó ti yó o!" bí iná ṣájà bá ti di àwọ̀ ewé, tí Alhaja á sì dáhùn lẹ́yìn ògiri, "Alihamudulilai!" Títí di àkókò òjò. Àrá sán ní àárọ̀ kan, tiransifọ́mà ìkóríta dún bòòò, èéfín sì jáde. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwa gbé wa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì dákẹ́. Mẹkáníìkì ní ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n lọ rà á ní Ìlọrin. Bátìrì tó wà lára Mummy nìkan ló kù. Ebi ń pa gbogbo àwọn yòókù. Ká tó mọ̀, fóònù Daddy ti dún: "Bàbá Títí, iná yín ńkọ́?" Mo ń wo ẹnu bàbá mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀. Ó ní, "Tiransifọ́mà ti jó, sà." Daddy Ìbàdàn ní, "Mo ti wà lọ́nà."

Mummy dìde, ó wọ yàrá, ó tú síìpù báàgì, ó ń ká aṣọ sínú rẹ̀. Ó ní, "Títí, bí mo bá dé Ìbàdàn, kí o máa fi fọ́tò mi han Iní." Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Alhaja ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Daddy náà mọ̀. Ojú ló ń tì í, ó ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ni obìnrin náà máa ń tan án nítorí ẹja rẹ̀, pé epo ti wọ́n. Èmi ò mọ ìtìjú kankan. Mo gbá bátìrì méjì mọ́ra, mo sáré jáde, mò ń ké, "Alhaja! Ebi ń pa wọ́n! Ebi ń pa gbogbo wọn!" Ẹnì kan ì bá bi mí pé ta ni ebi ń pa. Alhaja ò bi mí. Ó ju àdá sílẹ̀, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ké mọ́ ògiri wa: "Bàbá Títí! Ẹ gbé ìyàwó yín wá kí n tó wá gbé e! Ẹ̀ ń tijú, ẹ̀ ń tijú, ṣé ìtìjú lẹ fẹ́ fi ṣáàjì ni?"

Ẹ wá wo ìran! A gbé Mummy jókòó láàárín fírísà Alhaja, a fi wáyà gígùn so ẹ̀rọ mọ́ iná ògiri, ṣájà wà lórí àpótí ẹja. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń mi ilẹ̀. Nígbà tí epo ń lọ sílẹ̀, ta ló yọ? Ọlọ́kadà ojú fèrèsé ni! Ó fa epo inú ọkadà rẹ̀ síta, ó gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sì jẹ́ sún mọ́ Mummy jù. Aránṣọ gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tó wá ra ẹja kò lọ mọ́. Nígbà tí iná ṣájà kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo ké e: "Ó ti yó o!" Títì dáhùn, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ títí dé ìkóríta: "Ó ti yó o!" Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó ń bọ̀.

Àárín ariwo yẹn ni ọkọ̀ Daddy Ìbàdàn dúró. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò ó. "Níbo ni Bọ́lá wà? Mo ti ń pè yín láti Ògbómọ̀ṣọ́! Fóònù mi ti kú, n ò mọ̀ bóyá..." Kò rí i parí. "Háà!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo mọ́ ọn, Ìyá Àgbà, Alhaja, aránṣọ, ọlọ́kadà, lẹ́ẹ̀kan náà. "Kì í kú níbí! Ebi ló ń pa á!" Ọkùnrin ńlá náà dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi wáyà sí i nídìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Òun náà á yó." Ó jókòó sórí àpótí ẹja.

Ìyá Àgbà gbé Iní fún un. Iní wo ojú rẹ̀, ó wo jẹnẹrétọ̀ tó ń bú, ó fi igbe ta. Ó yíjú kiri, mo sì rò pé ọwọ́ Ìyá Àgbà ló ń wá. Mummy ló na ọwọ́ sí. Mummy ò tètè gbà á, àfi bí ẹni tí ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà á padà. Ó wá gbé e, ó rọra gbé wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbá a mọ́ àyà. Iní gbọ́ ọ. Mo rí i bó ṣe gbọ́ ọ: ó dákẹ́, ó fi etí lé e, ó fi ìka sẹ́nu. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, oorun gbé e lọ. Omijé ń ṣàn lójú ìyá mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé iná wà ní Ìbàdàn. Ṣé Alhaja wà níbẹ̀?"

Daddy Ìbàdàn sùn sọ́dọ̀ wa, ó jẹ iyán àti ẹja tó ń sùn, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ báàgì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ rò ó bóyá kí Mummy dúró, òun á pè wá bí òun bá délé. Ó rò ó o! Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ká jẹun lọ́jọ́ yẹn? Ìyá Àgbà gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Daddy tún jẹnẹrétọ̀ tú, ó tún un tò. A retí ìpè rẹ̀ ní ọ̀sán, kò pè. Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù tó dún, Daddy sì ṣí i síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mo ti délé," ni Daddy Ìbàdàn wí. "Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó pè. Ebi ló pa fóònù mi lọ́nà."

Mummy gba fóònù lọ́wọ́ Daddy, ó ní, "Ẹ fi sí iná, Bọ̀dá mi. Kó yó." Ó gbé fóònù fún Daddy, ó dìde, ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ síìpù báàgì yẹn tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sí àpótí aṣọ, títí kò fi ku nǹkan kan. Àtìgbà yẹn ni báàgì Íńdíà ti wà ní yàrá ìdáná, iṣu la ń kó sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo délé lóṣù tó kọjá. Mo fi etí lé àyà Mummy, hùùùùù, ó sì ya ẹnu báàgì náà, ó ní kí n wá mú iṣu.